Ọ̀jọ̀gbọ́n Bá Sẹ́ẹ̀lì Kánjú

Ọdún mẹ́ta ni akẹ́kọ̀ọ́ tí à ń pè ní Ọmọ Láàbù ti ń wá bí yóò ṣe tọ́ sẹ́ẹ̀lì inú mùdùnmúdùn eegun di ṣọ́jà tí ń gbèjà ara. Ó ku ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kí àwọn àlejò olùdánwò wá yẹ iṣẹ́ náà wò: bí wọ́n bá rí ṣọ́jà, ó gba oyè; bí wọn kò bá rí i, ó di ilé. Láàárọ̀ Ọjọ́ Ajé, ó fi awò tí ń sọ kékeré di ńlá wo abọ́ sẹ́ẹ̀lì rẹ̀, ó sì rọra gbójú sókè. Ọ̀jọ̀gbọ́n, ọ̀gá rẹ̀, dúró tì í, ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́.

“Sà, ta ló fọwọ́ kan abọ́ yìí?”

“Èmi ni. Mo bá ọ mú iṣẹ́ yá.”

“Ẹ̀yin? Ẹ mọ ibi tí yàrá yìí wà?”

“Ẹ̀ṣọ́ ló júwe ẹ̀ fún mi. Mo rí ìgò mẹ́ta nínú fíríìjì: ọ̀sẹ̀ kìíní, ọ̀sẹ̀ kejì, ọ̀sẹ̀ kẹta. Mo ní, ọ̀lẹ lọmọ yìí o! Mo da mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sí i lọ́jọ́ Ẹtì.”

Ọmọ Láàbù fa àga, ó jókòó.

“Sà, iṣẹ́ là ń rán sí sẹ́ẹ̀lì. Ti ìgò kìíní á kan etí ara ẹ̀, bí ẹni kan ilẹ̀kùn ilé. Etí á jí ẹni tó wà ní pálọ̀, onítọ̀hún á jí ẹnìkejì, títí ọ̀rọ̀ á fi dé ìyẹ̀wù: ‘Ìwọ, ṣọ́jà lo máa ṣe.’ Ti ìkejì á ní kó máa pọ̀ sí i. Ti ìkẹta á dán an wò, bóyá kò ní bá ara jà.”

“Mo ṣáà rán gbogbo ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà.”

“Èyí tó pọ̀ jù nínú wọn ò tíì hu etí tí wọ́n máa fi gbọ́ ti ìkẹta.”

“Wọn ò ní gbọ́ kẹ̀? Mo da gbogbo ìgò!”

“Díẹ̀ gbọ́, sà. Ìdánwò tó bá le jù, sẹ́ẹ̀lì á gbà pé ara tó yẹ kóun gbèjà lòun máa bá jà. Ó máa ń pa ara ẹ̀ ni.”

“Mélòó ló pa ara ẹ̀?”

“Gbogbo àwọn tó gbọ́.”

“Àwọn tí ò gbọ́ ńkọ́?”

“Àwọn yẹn kàn kú lásán.”

“Àwọn ojo!”

“Ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ ọ̀tun, sà. Ó ṣì ku ọ̀sẹ̀ mẹ́ta.”

“Ìyẹn gan-an ni mo fẹ́ sọ fún ọ. Mo ti ní kí àwọn àlejò wá lónìí, laago mẹ́wàá.”

Ọmọ Láàbù wo aago ara ògiri. Ó ku ìṣẹ́jú méjì.

“Fọkàn balẹ̀,” ni Ọ̀jọ̀gbọ́n wí. “Màá sọ fún wọn pé ìwọ lo bà á jẹ́. Ọmọdé ni ọ́. Wọ́n á dárí jì ọ́.”

“Ẹ ṣeun, sà. Ta ló wá kọ orúkọ sórí ìdérí abọ́ yìí?”

Orúkọ Ọ̀jọ̀gbọ́n ló wà níbẹ̀ gàdàgbà, pẹ̀lú gbogbo oyè rẹ̀, àti ‘Èmi nìkan ni mo ṣe é’. Ọ̀jọ̀gbọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fi èékánná ha á.

“Yíǹkì wo nìyí?”

“Èyí tí kì í parẹ́. Òun la fi ń kọ̀wé sára abọ́ níbí. Bẹ́ ẹ bá ń yà síbí ni, ẹ̀ bá ti mọ̀.”

Wọ́n kan ilẹ̀kùn. Ọ̀jọ̀gbọ́n fi àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì bo ìdérí.

“Ọmọ mi, kí la máa ṣe báyìí?”

Ọmọ Láàbù bọ́ ìbọ̀wọ́ rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan.

“Ẹ ṣílẹ̀kùn, sà. Ẹ̀yin lẹ ni òkú. Ẹ̀yin ni wọ́n wá bá kẹ́dùn.”