Ibojì Tí Mo Mọ Síwájú Pálọ̀ Mi

Ọjọ́ kan wà tí mo ti bẹ Ọlọ́run títí pé kó bá mi mú un kúrò lọ́kàn, ṣùgbọ́n kò lọ, n kò sì rò pé yóò lọ mọ́. Ẹ̀yin tí ẹ ń sáré gba àárín Àrámọ̀kọ kọjá nínú mọ́tò lónìí, bóyá Adó lẹ ń lọ ni o, bóyá ẹ fẹ́ gun òkè lọ sí Ẹ̀fọ̀n ni o, ẹ kò mọ̀ pé orí pálọ̀ mi ni táyà yín ń gbà. Kì í sì í ṣe pálọ̀ náà ló ń dùn mí. Ẹ fara balẹ̀, ẹ ó gbọ́ ohun tó ń dùn mí.

Tíṣà ni mí nígbà náà, kò tíì ju ọdún mélòó kan lọ tí a gba òmìnira. Ọ̀nà tó gba àárín ìlú wa tẹ́ẹ́rẹ́, ó sì wọ́, tó fi jẹ́ pé bí lọ́rí kókó méjì bá pàdé, ọ̀kan gbọ́dọ̀ fẹ̀yìn rìn padà. Ìjọba ní àwọn fẹ́ fẹ̀ ẹ́, kí àwọn sì da ọ̀dà sí i. Wọ́n rán ẹnjiníà kan sí wa, ọmọ Yorùbá bíi tiwa, oníṣòkòtò péńpé tó máa ń dé àkẹtẹ̀. Ó pe gbogbo ìlú jọ sí ilé ẹ̀kọ́ wa, ó ní, “Ẹ̀yin lẹ nìlú. Ẹ sọ bí ẹ ṣe fẹ́ kí ọ̀nà yín rí.”

Áà, ọkùnrin náà kò mọ ohun tó fọwọ́ kàn! Ta ní ń sọ pé kí ará Èkìtì sọ tinú rẹ̀ kó tún máa wo aago? Ìyá alákàrà kan ní kí ọ̀nà sún mọ́ ọ̀dọ̀ òun díẹ̀, kó ṣáà má kan agbada òun. Bàbá arúgbó kan ní òun fara mọ́ ọn, bí àwọn onímọ́tò kò bá ní fọn fèrè nígbà tí òun bá ń sùn lọ́sàn-án. Ẹnjiníà ń kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀. Nígbà tó yá, ó ní òun kò lè wọ́ ọ̀nà kiri nítorí ti olúkúlùkù, ṣùgbọ́n nǹkan mẹ́ta ni òun yóò yẹ̀ fún: ilé ìjọsìn, omi tí ìlú ń mu, àti ibojì tó bá wà níwájú ilé. Kí a yan ẹni tí yóò kọ orúkọ àwọn ibojì náà sílẹ̀. Ìlú wo ọ̀tún, wọ́n wo òsì, èmi ni wọ́n yàn, wọ́n ní ìwé mi gún régé. Inú mi dùn débi pé mo lọ ra íǹkì tuntun.

Ní ọ̀sẹ̀ kejì, àwọn awọnlẹ̀ dé pẹ̀lú ṣéènì wọn, wọ́n ń gún èèkàn lọ. Wọ́n gún, wọ́n gún, ọ̀kan sì bọ́ sí ìdí fèrèsé pálọ̀ mi gan-an. Ìyẹn ni pé pálọ̀ yóò lọ. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi mí rẹ́rìn-ín tó bá jẹ́ pé ẹ kò kọ́lé rí. Owó oṣù tíṣà ni mo fi kọ́ ọ, díẹ̀díẹ̀. Òun nìkan ló ní fèrèsé onígíláàsì ní àdúgbò wa, àwọn àlejò a sì máa bọ́ bàtà kí wọ́n tó wọlé láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni sọ fún wọn. Ilẹ̀ tuntun ni mo sì rà kọ́ ọ, agbo ilé àtijọ́ ni wọ́n sin bàbá mi sí. N kò ní òkú kankan tí mo lè fi bẹ ọ̀nà.

Ibi tí mo ti bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ́n ju ara mi lọ nìyí. Mo lọ pe bíríkìlà kan wá láti Ẹ̀fọ̀n, ẹni tí kò mọ ẹnikẹ́ni ní ìlú wa. Lọ́jọ́ tí gbogbo àdúgbò lọ sóko, ó mọ ibojì sìmẹ́ńtì kan síwájú pálọ̀ mi, ó fi ọwọ́ dán an títí tó fi ń kọ mànà. Ìyàwó mi jáde síta, ó dúró.

“Bàbá Fúnmi, ta ló kú?”

“Kò sẹ́ni tó kú.”

“Ta wá ni wọ́n ń mọ ibojì fún?”

“Pálọ̀ ni.”

Ó wò mí láti òkè délẹ̀, ó ní, “Kí Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́ kí pálọ̀ pa ọ́,” ó sì padà wọlé.

Bíríkìlà ní ibojì tí kò lórúkọ kò jọ ibojì. Òótọ́ ni. Mo ronú. Ẹni tó wà láàyè kò ní gbà, ẹni tó sì ti kú ní ibojì tirẹ̀. Ni mo bá rántí Àjàyí, àbúrò ìyá mi, tó ti lọ sí Góòlù Kóòsì, tí wọ́n wá sọ di Gánà, nígbà tí mo ṣì wà ní ilé ẹ̀kọ́. Kò kọ̀wé, kò sì ránṣẹ́. Mo ní, ta ni yóò bínú? Ẹ wo irú orí tí mo ń gbé káàkiri. Ìyá mi tó bí mi, tó jẹ́ pé àbúrò rẹ̀ kan ṣoṣo nìyẹn, kò tilẹ̀ wá sí mi lọ́kàn, nítorí abúlé oko wa lọ́nà Ìjerò ló ń gbé. Mo kọ orúkọ Àjàyí sára sìmẹ́ńtì tútù, mo fi “Sùn re” sí i, mo sì kọ ọ́ mọ́ àwọn ibojì yòókù nínú ìwé pẹ̀lú íǹkì tuntun mi.

Ilẹ̀ ọjọ́ kejì kò tíì mọ́ dáadáa tí Bàbá Ẹlẹ́mu, aládùúgbò mi, fi kanlẹ̀kùn. Ẹgbẹ́ Àjàyí ni.

“Tíṣà, ukú pa Àjàyí, o sì dákẹ́? Ìgbà wo ni wọ́n gbé e délé?”

N kò tíì fọ ẹnu. Mo ní wọn kò gbé e délé, irun àti èékánná rẹ̀ ni ẹnìkan mú wá láti Kùmásì, àwọn ni mo sin. Ẹ gbọ́ bí irọ́ náà ṣe yọ́ lẹ́nu mi! Bàbá Ẹlẹ́mu jókòó sórí ibojì, ó sunkún. Kó tó di ọ̀sán, ẹgbẹ́ Àjàyí ti kóra jọ, wọ́n ní a kì í sin ẹgbẹ́ àwọn bí ẹní sin adìyẹ. Mo ra ewúrẹ́. Wọ́n jẹ ẹ́, wọ́n sì ń ròyìn bí Àjàyí ṣe máa ń ṣáná sí igbó lóde ọdẹ èkúté nígbà tí wọ́n wà lọ́mọdé. Kátékíìsì ìjọ wa náà dé, ó ní kí n kọ ìtàn ayé olóògbé kí òun kà á lọ́jọ́ Ìsinmi. Mo kọ ọ́. Mo kọ ọ́ dáadáa débi pé omi bọ́ lójú èmi náà, kátékíìsì sì kà á lórí àga ìwàásù, àwọn ìyá ìjọ ń fi gèlè nu ojú.

Ohun kan ṣoṣo ni mo bẹ gbogbo wọn: kí wọ́n má tíì sọ fún ìyá mi, èmi fúnra mi ni yóò fi ọgbọ́n sọ ọ́. Gbogbo wọn gbà. Bẹ́ẹ̀ náà la ṣe ń ṣe nílẹ̀ wa, a kì í já ọ̀rọ̀ ikú lu àgbàlagbà láyà. Wọ́n tilẹ̀ ní ọmọ dáadáa ni mí.

Ọjọ́ tí ẹnjiníà wá wo àwọn ibojì dé. Gbogbo àgbà ìlú ló tẹ̀ lé e láti ojúlé dé ojúlé. Nígbà tó dé iwájú tiwa, ó ṣí àkẹtẹ̀ rẹ̀, ó tẹrí ba. Ó ní, “Tíṣà, ẹ kú ọ̀fọ̀. A ó yí èèkàn yẹn síwájú díẹ̀.” Inú mi ń dùn, ṣùgbọ́n mo fa ojú ro. Àfi bí a ṣe gbọ́ igbe láti ìsàlẹ̀ ọ̀nà. Ìyá mi ni. Ó ru iṣu bọ̀ láti oko, ó gbọ́ pé àlejò ìjọba ń bọ̀ nílé ọmọ òun. Obìnrin kan tí kò mọ̀ pé à ń fi pamọ́ ló pàdé rẹ̀ lójú ọ̀nà, tó sì kí i kú ará fẹ́ra kù.

Ó ju agbọ̀n iṣu sílẹ̀, ó dojú bolẹ̀ lórí ibojì. “Àjàyí mi! Àjàyí mi o! Uwájú ulé ni wọ́n sin ọ́ sí, mo sì ń jẹun lóko!” Kò sí ẹni tó lè gbé e dìde. Nígbà tó yá, ó gbé ojú sókè, eruku sìmẹ́ńtì ti kun ún lẹ́rẹ̀kẹ́, ó sì bi mí pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ pé, “Ọmọ mi, ṣé ó dárúkọ mi kó tó kú?”

Mo ti múra irọ́ sílẹ̀ fún ẹnjiníà, mo ti pa ti Bàbá Ẹlẹ́mu, mo sì ti kọ ti ìjọ. Èyí kò bá mi lára mu. Mo fẹ́ sọ pé bẹ́ẹ̀ ni, ahọ́n mi kọ̀. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún, mo wólẹ̀. “Yèyé, ẹ dìde. Àjàyí kò kú. Kò sí nǹkan kan níbẹ̀, sìmẹ́ńtì lásán ni. Nítorí pálọ̀ ni.”

Bàbá Ẹlẹ́mu ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. “Tíṣà, ewúrẹ́ tí a jẹ ńkọ́? Ọ̀fọ̀ ta la jẹ ẹ́ sí?” Kátékíìsì bọ́ awò ojú rẹ̀, ó ń nù ún, kò wò mí. Ẹnjiníà dé àkẹtẹ̀ padà, ó gba ìwé ọwọ́ mi, ó ní, “Mélòó nínú ìwọ̀nyí tún ni sìmẹ́ńtì lásán?” Bó ṣe di pé gbogbo ẹni tó ní ibojì tòótọ́ ní láti wá ẹlẹ́rìí nìyẹn. Opó kan dúró ní gbangba ó ń búra pé ọkọ òun kú lóòótọ́, èmi ló sì ń wò bó ṣe ń búra. Ojú tì mí, ilẹ̀ kò lanu.

Ìyá mi nu ojú rẹ̀, ó ní, “O fi àbúrò mi dí ọ̀nà mọ́tò.” Ó fi ẹsẹ̀ rìn padà sóko lọ́jọ́ náà.

Mo rò pé ó parí. Ó kù! Nígbà tí katapílà dé, awakọ̀ rẹ̀ rí ibojì, ó pa ẹ́ńjìnnì, ó sọ̀ kalẹ̀, ó ní òun kò ní gun orí òkú fún ìjọba kankan. Mo búra fún un, kò gbà. Wọ́n fún mi ní dígà. Lójú gbogbo ìlú, àti àwọn ọmọ kíláàsì mi tó tò sẹ́bàá ọ̀nà, èmi fúnra mi ni mo fọ́ ibojì náà, tí mo ń gbé àfọ́kù rẹ̀ sókè lọ́kọ̀ọ̀kan kí awakọ̀ lè rí i pé kò sí eegun níbẹ̀. Lẹ́yìn náà ló wá gba inú pálọ̀ mi kọjá.

Ọdún díẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀, ọkùnrin kan ti Gánà dé, ó wá mi wá. Ilé kan náà ni òun àti Àjàyí jọ gbé ní Kùmásì. Ó ní Àjàyí ti kú, àìsàn ni, àti pé orúkọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin ló ń pè títí ẹ̀mí fi bọ́. Mo mú ọkùnrin náà lọ sóko. Mo dọ̀bálẹ̀ fún ìyá mi, mo sọ ọ́ bí a ṣe ń sọ ọ́, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Ó wò mí, ó wo àlejò, ó sì bú sẹ́rìn-ín.

“Ọ̀nà ibo ni wọ́n tún fẹ́ là?”

Àlejò búra títí. Ìyá mi gún iyán fún un, ó ní kó jẹun, kó má tẹ̀ lé tíṣà kiri mọ́. Mo ní, “Yèyé, òótọ́ ni lọ́tẹ̀ yìí.” Ó ní, “Àjàyí ń bọ̀. Ùwọ lo sọ fún mi níwájú gbogbo ìlú pé kò kú. Ẹkún lò ń sun lọ́jọ́ náà, mo sì mọ̀ pé o ò purọ́.”

Títí ìyá mi fi kú, lọ́dọọdún ló ń kọ ebè ti Àjàyí sọ́tọ̀, èmi ni mo sì ń bá a gbin iṣu sí i. Àwọn àgbà ní ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́. Ohun tí mo rí kọ́ ni pé ẹni tó bá fi ikú purọ́, ọjọ́ tí ikú bá dé lóòótọ́, kò ní rí ẹni tí yóò bá a sunkún. Bí mo bá ń sọ ìtàn yìí, àwọn ènìyàn a máa rẹ́rìn-ín, èmi náà a sì máa bá wọn rẹ́rìn-ín. Ṣé kí n tún máa sunkún ni? Ta ni yóò gbà mí gbọ́?