Ọjọ́ Tí Mo Pa Iná Mọ́ Àwọn Ọ̀jọ̀gbọ́n Lójú

Ọjọ́ kan wà tí mi ò lè gbàgbé bí mo tiẹ̀ fẹ́: ọjọ́ tí mo lọ jókòó síwájú àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n ní Yaba kí wọ́n lè gbà mí wọlé láti yunifásítì mìíràn. Ìmọ̀ ẹ̀rọ iná mànàmáná ni mò ń kọ́. Mo ti kọ̀wé kúrò nílé-ẹ̀kọ́ mi àtijọ́, wọ́n sì ti fi àyè mi fún ẹlòmíràn. Bí Yaba bá kọ̀ mí, ilé màmá mi ní Ìjẹ̀ṣà-Tẹ̀dó ni mo máa jókòó sí, tí màá máa wo òrùlé.

Kí n má parọ́, mo mọ iṣẹ́. Láti girama ni mo ti ń tú jẹnẹrétọ̀ àwọn ará àdúgbò, tí mo sì ń tò ó padà láìsí nọ́ọ̀tì kan tó ṣẹ́kù. (Lẹ́ẹ̀kan, méjì ṣẹ́kù. Ó ṣì ń ṣiṣẹ́.) Nílé-ẹ̀kọ́ mi àtijọ́, ọmọ ìmọ̀ ẹ̀rọ kì í wọ kóòtù lọ síwájú ọ̀gá. Aṣọ iṣẹ́ aláwọ̀ búlúù, ofaróòlù, la máa ń wọ̀, a ó sì lọ̀ ọ́ títí táá fi dúró fúnra rẹ̀. Bí wọ́n bá fẹ́ dán wa wò níbẹ̀, wọ́n á kàn gbé ẹ̀rọ tó bàjẹ́ síwájú wa láìsọ nǹkan kan, wọ́n á sì máa wò wá.

Ofaróòlù yẹn ni mo wọ̀ lọ sí Yaba. Ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ mo bá àwọn tí a jọ ń wá àyè, gbogbo wọn wọ kóòtù pẹ̀lú táì; àwọn kan ti wọlé jáde, àwọn tó kù ń dúró. Mo káàánú wọn. Akọ̀wé ẹ̀ka náà, àǹtí kan tó gbé fáìlì dání, yọjú, ó wò mí látòkè délẹ̀.

"Ìwọ nìyẹn. Àtàárọ̀ la ti ń retí ẹ. Ó wà lẹ́yìn ilé, ariwo ẹ̀ ti ń dà wá láàmú."

Mo wo àwọn oníkóòtù. Wọ́n pè mí ṣáájú àwọn tó ṣì ń dúró.

Jẹnẹrétọ̀ elépo bẹntiróòlù kan ló wà lẹ́yìn ilé. Ohùn rẹ̀ ń lọ sókè, ó ń wálẹ̀, bí ẹni tó ń sáré tó ṣẹ̀ṣẹ̀ rántí pé òun gbàgbé nǹkan sílé. Bàbá kan tó wọ ṣẹ́ẹ̀tì funfun àti awò ojú jókòó tì í, ó ń jẹ ọsàn. Ojú ẹsẹ̀ ni mo mọ̀ pé olùdánwò ni wọ́n.

"Ẹ káàárọ̀, sà. Epo ni kò dé inú ẹ́ńjìnì yìí dáadáa. Ẹ wò ó." Mo fa ṣóòkù díẹ̀, ohùn rẹ̀ sì balẹ̀. "Bí mo ṣe dín afẹ́fẹ́ kù tó balẹ̀ yẹn, ihò tóóró inú kabúrétọ̀ ló dí, sà."

"Ó dáa," ni bàbá wí. Wọ́n tu kóró ọsàn dànù.

Mo pa ẹ̀rọ náà. Mo ti epo rẹ̀ pa, mo tú kabúrétọ̀, mo fa ẹyọ wáyà kan ṣoṣo yọ láti inú okùn iná, mo fi gún ihò náà, mo fẹ́ ẹ. Gbogbo rẹ̀ ni mò ń ṣàlàyé bí ẹni tó ń ka ìròyìn lórí rédíò.

"Ọmọ mi," bàbá ní, "ṣé kò lè ṣeé ṣe tóo bá dákẹ́ ni?"

Mo rò pé ìyẹn náà wà nínú ìdánwò. Mo dákẹ́.

Nígbà tí mo tò ó padà tí mo fa okùn rẹ̀, ó dún geere. Ìyípo ẹgbẹ̀rún mẹ́ta ní ìṣẹ́jú kan, mo lè búra. Orí mi wú.

"Máàkì mélòó ni mo gbà, sà?"

"Máàkì kẹ̀? Géètì ni mò ń ṣọ́."

Ibẹ̀ ni ọkùnrin kan ti dé pẹ̀lú àpótí irinṣẹ́, ó ní òun ni mẹkáníìkì tí wọ́n pè, ó ń bèèrè ẹni tó fọwọ́ kan jẹnẹrétọ̀ náà. Ẹnìkan yọrí lójú fèrèsé òkè: "Ta ló pa iná lẹ́ẹ̀kan?"

Mo sáré gòkè. Kọ̀ǹpútà tí wọ́n ń kọ máàkì àwọn oníkóòtù sí kò ní bátìrì. Nígbà tí mo pa jẹnẹrétọ̀, gbogbo máàkì náà bá a lọ. Wọ́n ní kí gbogbo àwọn tó ti wọlé tún wọlé látìbẹ̀rẹ̀.

"Bọ̀ọ̀dá mẹkáníìkì, ẹ ṣé o," ọ̀kan nínú wọn wí fún mi. Òógùn ti mú kọ́là rẹ̀ rọ.

Èmi ni wọ́n pè kẹ́yìn, pẹ̀lú ọ́ìlì nímú. Ìyá àgbà kan, ọ̀jọ̀gbọ́n, ni olórí wọn.

"Ta ló rán ọ sídìí jẹnẹrétọ̀ wa?"

"Mo rò pé ìdánwò ni, mà."

Àwọn tó kù bú sẹ́rìn-ín. Màmá ò rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní kí n sọ ohun tó ṣe ẹ̀rọ náà, mo sì sọ ọ́ títí dórí bí wáyà yẹn ṣe tín-ínrín tó.

"Ìbéèrè kan ló kù," wọ́n ní. "Kí ló yẹ kí o kọ́kọ́ ṣe kí o tó pa ẹ̀rọ tí àwọn ènìyàn ń lo iná rẹ̀?"

Gbogbo ohun tí mo mọ̀ tò sí mi lórí: fíúùsì, epo, wáyà ilẹ̀. Kò sí èyí tó jẹ́ ìdáhùn.

"Kí n sọ fún wọn, mà."

"Nínú gbogbo àlàyé rẹ, òun nìkan ni mi ò gbọ́."

Wọ́n gbà mí wọlé. Mo sì ń fi yangàn títí dòní pé kí n tó di ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ yẹn ni iná wọn ti mọ ọwọ́ mi. Ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ ọjọ́ yẹn ni mo fi kún ìmọ̀ mi: wáyà nìkan kọ́ ló wà níparí iná, ènìyàn wà níbẹ̀. Ní báyìí, mi ò jẹ́ pa suwíìṣì kankan láìké sí ará ilé. Màmá mi á ní fáànù lásán ni, àwọn nìkan ló sì wà nínú yàrá. Mo ní kò burú, kí wọ́n ṣáà dáhùn pé àwọn gbọ́. Wọ́n á dáhùn, wọ́n á wá rẹ́rìn-ín títí, èmi náà á sì bá wọn rín in, bó tilẹ̀ jẹ́ pé èmi ni wọ́n ń fi rẹ́rìn-ín.