Ìbọn Méje fún Bàbá Obed

Ọdún kòrónà ni, ní abúlé kan tí kò jìnnà sí Òkè-Ìlá. Aago méjì ọ̀sán ni wọ́n fẹ́ sin Bàbá Obed ọdẹ, aago méjìlá sì ti kọjá. Zipporah, àbíkẹ́yìn olóògbé, tíṣà, dúró ní ẹ̀yìnkùlé, ó ń ka àga: ogún péré, torí ogún èèyàn ni ìjọba fọwọ́ sí. Ibẹ̀ ni Sàlámì, akọ̀wé ẹgbẹ́ ọdẹ, ti yọ sí i pẹ̀lú ṣakabùlà léjìká. Kò sí ohun tí Sàlámì kò mọ̀, àfi ìgbà tó yẹ kó dákẹ́. Ìbòmú rẹ̀ wà ní àgbọ̀n.

SÀLÁMÌ: Tíṣà, o kú ọ̀rọ̀ bàbá. Ẹ̀yìn wọn á dára o.

ZIPPORAH: Àmín, Bàbá Sàlámì. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbé ìbòmú yín sókè.

SÀLÁMÌ: (ó fà á dé ètè) Ó ti dé ibẹ̀.

ZIPPORAH: Imú ńkọ́?

SÀLÁMÌ: Imú ọdẹ nìyí. Bí mo bá bò ó, kí ni n ó fi gbóòórùn ẹran?

ZIPPORAH: Òkú la fẹ́ sin, a ò lọ sígbó. Ìbọn méje tí ẹgbẹ́ ṣèlérí dà?

SÀLÁMÌ: Ìbọn? Ìbọn ò níṣòro. Ìbọn méje wà níta, ọdẹ méje ló gbé wọn dání.

ZIPPORAH: Ẹ ṣeun, sà.

SÀLÁMÌ: Ẹ̀tù ni kò sí.

ZIPPORAH: Ẹ̀tù wo?

SÀLÁMÌ: Èyí tí à ń ki sínú ìbọn kó tó dún. Wọ́n ti pa ọ̀nà dé, ẹni tó ń kó o wá ò lè kọjá. Ìwọ̀nba tó kù lọ́jà, owó rẹ̀ ti di ìlọ́po mẹ́rin. Lọ́jọ́bọ̀ tó kọjá, mo pàdé ọ̀yà kan, ó sanra báyìí. Ó dúró, èmi náà dúró. Mo ṣírò owó ẹ̀tù, mo ṣírò owó ọ̀yà. Mo ní, "Máa lọ, a ó tún ríra."

ZIPPORAH: Ó wá lọ?

SÀLÁMÌ: Kò lọ o! Ó ti gbọ́ pé ẹ̀tù wọ́n. Ojú mi ló ti jẹun tán, tó nu ẹnu.

ZIPPORAH: Ẹ̀tù mélòó ló wà lọ́wọ́ gbogbo ẹgbẹ́?

(Sàlámì yọ ìgò kékeré kan nínú àpò, ó mì í létí.)

SÀLÁMÌ: Ti ẹ̀ẹ̀kan.

ZIPPORAH: Inú ìgò yẹn?

SÀLÁMÌ: Rárá, mo ti ki í sínú ìbọn yìí. Òórùn rẹ̀ ló kù nínú ìgò.

(Zipporah jókòó sórí ọ̀kan nínú àga ogún náà.)

ZIPPORAH: Ogójì ọdún! Kò sí òkú ọdẹ kan láti ibí dé Ìgbájọ tí bàbá mi ò yìnbọn fún. Nígbà tí àìsàn náà le, ó pè mí, ó ní, "Zipporah, méje ni tèmi. Bí wọ́n bá fi mẹ́fà sin mí, màá dìde kà á fún wọn." Àwọn ẹ̀gbọ́n mi há sí Èkó, ọlọ́pàá ò jẹ́ kí wọ́n kọjá. Èmi nìkan ló wà níbí. Ìbọn méje yìí sì ni ohun kan ṣoṣo tí bàbá ní kí n ṣe.

SÀLÁMÌ: Má sunkún. Bí a ò bá rí àdán, à á fi òòbẹ̀ ṣẹbọ. Mo ti ro gbogbo rẹ̀. Ṣé o mọ ọ̀kadà Ọlájídé tí sàlẹ́ńsà rẹ̀ ti bàjẹ́? Bó bá pa iná rẹ̀ lórí eré, tó tún ṣí i, gbòlà! Ó jọ ìbọn ju ìbọn lọ. Kó ṣe é lẹ́ẹ̀mẹfà, pẹ̀lú tèmi, ó di méje.

ZIPPORAH: Kí ọ̀kadà wá sin bàbá mi?

SÀLÁMÌ: Kò tiẹ̀ lè ṣe é tán. Epo ẹ̀ẹ̀mejì ló kù sínú rẹ̀. Epo náà ti wọ́n.

ZIPPORAH: Ẹ ò tíì ro nǹkan kan nìyẹn.

SÀLÁMÌ: Èkejì ń bọ̀. Kí ọdẹ mẹ́fà fi ẹnu dún un.

ZIPPORAH: Pẹ̀lú ìbòmú lẹ́nu?

SÀLÁMÌ: Ìbòmú gan-an ni yóò jẹ́ kó dún bí ìbọn òkèèrè. Gbọ́. (Ó fa ìbòmú bo ẹnu.) Bùùù!

ZIPPORAH: Màlúù nìyẹn.

(Sàlámì fa ìbòmú padà sí àgbọ̀n pẹ̀lú ìbínú.)

SÀLÁMÌ: Ó dáa. Mo ti fi èyí tó dára jù pamọ́. O rí àwọn òkè wọ̀nyẹn? Ìbọn kan tí a bá yìn níbí, ńṣe ni wọ́n ń gbà á lọ́wọ́ ara wọn. Eléyìí á yìn, tọ̀hún á yìn. Mo ti kà á rí: mẹ́fà ni wọ́n ń dá padà. Òkè ò sì ra ẹ̀tù lọ́jà.

ZIPPORAH: Mẹ́fà kẹ̀? Ẹ̀yìnkùlé yìí ni mo dàgbà sí. Bí mo bá pariwo, ẹ̀ẹ̀kan péré ni wọ́n ń dá mi lóhùn.

SÀLÁMÌ: Ohùn tíṣà nìyẹn, ẹ̀rù ń bà wọ́n. Ti ìbọn yàtọ̀.

ZIPPORAH: Ẹnu dùn ún ròfọ́. Bí ó bá dún méjì péré lójú ogún èèyàn ńkọ́? N ò lè fi òkú bàbá mi ta tẹ́tẹ́.

SÀLÁMÌ: O ò gbà mí gbọ́? Èmi Sàlámì?

ZIPPORAH: Bàbá, ohun tí n ò bá fojú mi rí, n kì í fún un ní máàkì.

SÀLÁMÌ: Wàláì, wàá rí i! La etí, kà á!

(Ó kọ ẹnu ìbọn sókè. Gbòlàà! Adìẹ fọ́n ká, ewúrẹ́ já okùn. Àwọn òkè gbà á.)

ZIPPORAH: Ti ìbọn fúnra rẹ̀, ọ̀kan! ... Méjì! ... Mẹ́ta! ... Mẹ́rin! ... Márùn-ún ...

(Ohùn òkè tán. Atẹ́gùn fẹ́, ilẹ̀kùn ilé ìdáná sì pa dé: gbàm!)

SÀLÁMÌ: Mẹ́fà!

ZIPPORAH: Ilẹ̀kùn nìyẹn.

SÀLÁMÌ: Ta ló fi ìṣó kan ilẹ̀kùn náà? Ṣebí bàbá rẹ ni. Ilẹ̀kùn náà ń sin olówó rẹ̀.

(Wọ́n dúró. Wọ́n tún dúró. Kò sí nǹkan kan mọ́.)

ZIPPORAH: Ká tiẹ̀ ka ilẹ̀kùn mọ́ ọn, ó ku ọ̀kan.

SÀLÁMÌ: Kò burú. Tó bá di aago méjì, màá sún mọ́ òkè díẹ̀, màá ki ẹ̀tù náà le dáadáa ...

ZIPPORAH: Ẹ̀tù wo?

(Sàlámì wo ìbọn. Èéfín ṣì ń jáde lẹ́nu rẹ̀. Ó yọ ìgò, ó dojú rẹ̀ dé sí àtẹ́lẹwọ́. Ó tún gbọ́ òórùn rẹ̀.)

SÀLÁMÌ: Tíṣà.

ZIPPORAH: Bàbá Sàlámì.

SÀLÁMÌ: Ìwọ lo ní kí n jẹ́ kó o rí i.

ZIPPORAH: Ẹ̀yin lẹ yìn ín!

(Ẹkún sọ ní iwájú ilé. Àwọn ará abúlé ti gbọ́ ìbọn, wọ́n rò pé òkú ti wọlẹ̀. Ẹnì kan ti dá orin.)

ZIPPORAH: Mẹ́fà. Ó ní bó bá jẹ́ mẹ́fà, òun á dìde.

(Ọ̀rọ̀ tó bá ti kọjá ẹkún, ẹ̀rín la fi ń rín in. Zipporah rẹ́rìn-ín títí tí ẹ̀rín náà fi di ẹkún fúnra rẹ̀. Ó kọjú sí òkè, ó fi gbogbo agbára pè.)

ZIPPORAH: Bàbá mi oooo!

(Òkè gbà á, ó dá a padà lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Sàlámì ṣí fìlà.)

SÀLÁMÌ: Méje.

ZIPPORAH: Ìyẹn kì í ṣe ìbọn, Bàbá.

SÀLÁMÌ: Mo mọ̀. Ó wọ̀ mí lára ju ìbọn lọ.

(Láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni sọ fún un, ó fa ìbòmú sókè, ó kọjá imú, ó dé ojú méjèèjì. Ó fi í nu omijé. Ohùn kan ké láti iwájú ilé: "Tíṣà! Mélòó lẹ yìn? Ṣé ó pé?" Zipporah nu ojú, ó tún gèlè wé.)

ZIPPORAH: Ó pé méje! Ẹni tí kò bá dá lójú, kó lọ bi òkè!