Ọpọ́n Ìwẹ̀ Tó Há Sẹ́nu Ọ̀nà

Ẹjọ́ kan wọ ààfin lánàá, ẹ má sì fi mí ṣẹ̀sín: èmi ni wọ́n pè lẹ́jọ́, ìyàwó mi ló pè mí, orúnkún ìyá ìyàwó mi ló dá gbogbo rẹ̀ sílẹ̀. Mo ti gbàdúrà kí n tó jáde nílé. Mo ní, "Olúwa, ìwọ tó la ọ̀nà sáàárín òkun, la ọ̀nà fún mi lónìí." Ìgbà tí mo dé ààfin ni mo rántí pé ọ̀rọ̀ ọ̀nà gan-an ló gbé mi débẹ̀.

Télọ̀ ni mí. Ogún ọdún rèé tí mo ti ń wọn èèyàn látorí dé ẹsẹ̀.

Kábíyèsí jókòó, ìjòyè mẹ́rin jókòó tì í. Aṣọ nọ́ọ̀sì funfun tí ìyàwó mi fi ń ṣiṣẹ́ ló wà lọ́rùn rẹ̀. Ó ní òun ò ráyè pààrọ̀ rẹ̀, torí kò síbi tí òun ti lè wẹ̀. Ọ̀rọ̀ yẹn nìkan ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dá mi lẹ́bi.

"Kí ni ọkọ rẹ ṣe?" Kábíyèsí bi í.

"Kábíyèsí, ó ra ọpọ́n ìwẹ̀."

"Ọpọ́n ìwẹ̀? Ẹjọ́ nìyẹn?"

"Kì í ṣe irú èyí tí Kábíyèsí ń rò. Ọpọ́n ńlá ni, èèyàn mẹ́fà ló ń jókòó sínú ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Iná mànàmáná ló ń mú omi rẹ̀ gbóná, afẹ́fẹ́ á máa ti abẹ́ fẹ́ ẹ, omi á máa hó yaya. Ẹ̀yìnkùlé ló yẹ kó wà."

"Ibo ló wà báyìí?"

"Ẹnu ilẹ̀kùn ẹ̀yìn. Ó gba ilẹ̀kùn iwájú tó fẹ̀ wọlé, ó wá há síbẹ̀. Kò ṣe é tì síwájú, kò ṣe é fà sẹ́yìn. Ọjọ́ mẹ́sàn-án rèé. Ó dúró gbagidi sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó dí ilẹ̀kùn balùwẹ̀, ó dí ilẹ̀kùn yàrá ìyá mi. Kábíyèsí, ilé wa nìkan ló ní ọpọ́n ìwẹ̀ ẹlẹ́ni-mẹ́fà ládùúgbò, ilé wa nìkan náà ni wọn ò ti ń wẹ̀."

Ìjòyè kan fi ọwọ́ bo ẹnu.

"Ìyá rẹ tó jókòó síbẹ̀ yẹn, báwo ni wọ́n ṣe jáde?"

"Fèrèsé ni, Kábíyèsí! Wẹ́dà ló wá yọ irin fèrèsé. Àkàbà la fi sọ̀ wọ́n kalẹ̀ bí ẹrù. Ìyá ẹni àádọ́rin ọdún! Orúnkún tó ń dùn wọ́n yẹn náà la tìtorí ẹ̀ ra ọpọ́n o. Mo ti di ẹrù mi, mo ti di ti ìyá mi. Bí ẹjọ́ yìí ò bá yanjú lónìí, ilé ẹ̀gbọ́n mi là ń lọ lọ́la. Kí òun àti ọpọ́n ẹ̀ máa jọ gbé."

Mo ti rí àpò méjì lẹ́bàá ilẹ̀kùn láàárọ̀. Mo rò pé aṣọ tí wọ́n fẹ́ lọ fọ̀ níta ni.

"Télọ̀, dìde," Kábíyèsí wí. "Agbẹjọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà. Kí lo rí sọ?"

Mo dọ̀bálẹ̀, mo bẹ̀rẹ̀ sí í kì í. Mo ti dé orí baba ńlá rẹ̀ kẹta nígbà tó gbé ọwọ́ sókè.

"Mo ti mọ ara mi. Ọ̀rọ̀ ọpọ́n ni kó o sọ."

"Kábíyèsí, mi ò jẹ̀bi. Ilẹ̀kùn ló jẹ̀bi."

Kábíyèsí tẹ̀ síwájú lórí ìjókòó rẹ̀.

"Ilẹ̀kùn?"

"Ilẹ̀kùn ni. Ọpọ́n yẹn, bí a bá fi ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ dúró, ínṣì méjìdínlógójì ni. Ilẹ̀kùn jẹ́ ogójì. Èmi fúnra mi ni mo wọ̀n ọ́n, ẹ̀ẹ̀mejì ni. Àfi bí ọpọ́n ṣe dé tí ilẹ̀kùn di mẹ́rìndínlógójì."

"Ilẹ̀kùn sún kì?"

"Ó sún kì, Kábíyèsí, bí aṣọ òwú tó rí omi. Ayé le."

"Ayé ò le," ìyàwó mi dáhùn, "orí ẹlòmíì ló le."

Wọ́n pe ẹni tó ta ọpọ́n náà. Ọkùnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan ni, ó há ìwé mọ́ abíyá.

"Ṣé ìwọ lo tà á fún un?"

"Èmi ni, Kábíyèsí. Ṣùgbọ́n mo ṣàlàyé títí ẹnu fi ń dùn mí. Mo ní, ẹni mélòó ló máa lò ó? Ìyàwó rẹ̀ ní kékeré ẹlẹ́ni-méjì tó. Òun ní ẹlẹ́ni-mẹ́fà. Mo ní, ṣé ẹ̀yin mẹ́fà lẹ wà nílé ni? Ó ní mẹ́ta ni àwọn, pé àlejò lè dé."

"Ṣé àlejò kì í dé ni?" mo bi í.

"Èmi ló ń bá sọ̀rọ̀," Kábíyèsí wí. "Máa bá a lọ."

"Mo ní kó bọ́ sínú ẹ̀ láìsí omi, kó fara wò ó bóyá ìjókòó bá ẹ̀yìn rẹ̀ mu. Ó bọ́ sí i, ó nà gbalaja, ó sùn lọ."

"Mò ń wò ó bóyá ó ń tuni lára ni!"

"Ó ń hanrun, Kábíyèsí. Àwọn oníbàárà méjì bi mí bóyá òun náà wà fún títà."

Àwọn ìjòyè rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín díẹ̀, kí wọ́n má baà sọ pé mò ń bínú.

"Mo ní, ṣé iná ilé yín gbé e? Ó pe oníṣẹ́ iná, ìyẹn dára. Mo ní, ilẹ̀ ibi tí ẹ máa gbé e kà ńkọ́? Tí omi bá kún un tán, ó wúwo ju ọkọ̀ lọ. Ó da kankéré síbẹ̀, ìyẹn náà dára. Mo wá ní, ọ̀nà tó máa gbà dé ẹ̀yìnkùlé ńkọ́? Ẹ lọ wọn gbogbo ẹnu ọ̀nà wá fún mi. Ló bá bú sẹ́rìn-ín. Ó ní, 'Ṣé télọ̀ lo fẹ́ kọ́ ní wíwọ̀n? Ṣé ìwọ lo máa kọ́ àdán bí wọ́n ṣe ń sorí kodò ni?' Ìwé tó kọ wá nìyí."

Kábíyèsí gba ìwé náà, ó gbé e súnmọ́ ojú. "Èjìká, ogójì. Gígùn, mẹ́rìnlélọ́gọ́rin. Ọrùn, kò sí." Ó gbójú sókè. "Ta ni kò lọ́rùn?"

"Ilẹ̀kùn ni, Kábíyèsí. Ìwé tí mo fi ń wọn oníbàárà ló wà nítòsí."

Wọ́n pe ẹlẹ́rìí. Gbẹ́nàgbẹ́nà tó darí àwọn alárù ló kọ́kọ́ dìde, aládùúgbò wa tí gbogbo ènìyàn ń pè ní Tíṣà, torí pé ó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́, jókòó tì í.

"Bó ṣe há báyìí," gbẹ́nàgbẹ́nà wí, "mo ní kí wọ́n dáwọ́ dúró."

"Irọ́ ni!" Tíṣà fò dìde. "Ó ní kí wọ́n tì í!"

"Mo ní kí wọ́n fà á."

"Àwọn ti iwájú ló ní kí wọ́n fà á, àwọn ti ẹ̀yìn ló ní kí wọ́n tì í. Ó wá ní kí wọ́n fi ọṣẹ pa á lẹ́gbẹ̀ẹ́."

"Ta ló lọ mú ọṣẹ wá?"

"Èmi ni. Aládùúgbò rere ni mí."

"Ẹ̀yin náà lẹ ní kí wọ́n fi òòlù ràn án lọ́wọ́!"

"Òòlù onírọ́bà ni mo wí!"

"Ó tó!" Kábíyèsí wí. "Télọ̀ tó ni ọpọ́n, kí ló ń ṣe ní gbogbo àsìkò yẹn?"

Àwọn méjèèjì tó ń jà bọ̀ láti àárọ̀ wá fẹnu kò: "Ó ń ki ọpọ́n ní oríkì."

Kábíyèsí kọjú sí mi. "Kì í ká gbọ́."

Kí ni mo lè ṣe? Mo kì í:

"Ọpọ́n abìjókòó mẹ́fà,
A-hó-láìfigi-dáná,
A-gba-ará-ilé-gba-àlejò-má-kùn,
Ẹrù ńlá tí í mú alárù wojú ara wọn,
A-lé-ìrora-lórúnkún bí ẹni lé ewúrẹ́ lóko,
Wọlé kó o máa rọra,
Ọ̀nà là, ọ̀nà gbà ọ́!"

Ìjòyè tó dàgbà jù mi orí. "Ó dùn."

"Ó dùn, bàbá," ìyàwó mi wí. "Ibi tó ti dùn jù gan-an ló ti há."

Kábíyèsí ní kí n mú tépù mi jáde, kí n wọn ẹnu ọ̀nà ààfin lójú gbogbo wọn. Inú mi dùn. Mo ní ọjọ́ ẹ̀san ti dé, wọn á rí i pé ọwọ́ mi kì í ṣe ọwọ́ àṣìṣe. Mo na tépù, mo wò ó, mo kọ ọ́, mo gbé ìwé fún Kábíyèsí.

"Mẹ́rìnléláàádọ́ta," ó kà á. Ó yan ìjòyè kan. "Ìwọ náà lọ wò ó."

Ìjòyè wò ó. "Àádọ́ta géérégé, Kábíyèsí."

"Télọ̀, mélòó lo rí lára tépù?"

"Àádọ́ta."

"Mélòó lo kọ?"

"Mẹ́rìnléláàádọ́ta."

"Mẹ́rin yẹn, níbo lo ti rí i?"

"Háà, Kábíyèsí! A kì í kọ ọ́ bó ṣe rí. Ojú rírán ńkọ́? Bí ẹni tó ni ín bá sanra ńkọ́? Látọjọ́ tí mo ti wà lẹ́nu iṣẹ́ ni mo ti ń fi mẹ́rin lé ohunkóhun tí mo bá wọ̀n, kó má baà fún..."

Ìgbà tí mo sọ ọ́ débẹ̀ ni etí èmi náà tó gbọ́ ohun tí ẹnu mi ń sọ.

Ọ̀bẹ kì í mú kó gbẹ́ èkù ara rẹ̀. Kábíyèsí rọra wo apá aṣọ ọrùn rẹ̀, èyí tó bo ọwọ́ rẹ̀ dé orí ìka. Èmi ni mo rán an.

"Mo ti ń rò ó tẹ́lẹ̀," ó wí, "pé bóyá èmi ni mo ń rù."

"Kábíyèsí," ìyàwó mi wí, "èmi tí mò ń ti bẹ́ẹ̀dì aláìsàn gba ẹnu ọ̀nà kọjá lójoojúmọ́, mo ní kó jẹ́ ká jọ wọ̀n ọ́n. Ó ní kí n di ìdí tépù mú, pé kí n má dàmú ara mi nípa nọ́ńbà."

Mi ò lè sẹ́ ẹ. Bó ṣe rí gan-an nìyẹn.

"Màmá," Kábíyèsí kọjú sí ìyá ìyàwó mi, "ẹ̀yin ni ọ̀rọ̀ dùn jù. Kí lẹ rí sọ?"

"Kábíyèsí, àna mi kì í ṣèèyàn burúkú. Láàárín ọjọ́ mẹ́sàn-án yìí, láràárọ̀ ló ń wá dọ̀bálẹ̀ kí mi lábẹ́ fèrèsé. Mi ò kàn rí i ni, ibẹ̀ ga."

"Ṣé ẹ̀yin lẹ ní kó ra ọpọ́n?"

"Báàfù ni mo bèèrè. Báàfù kékeré, omi lílọ́wọ́ọ́wọ́, kí n ki ẹsẹ̀ bọ̀ ọ́. Ó ní, 'Màmá, ẹ fi ìyẹn sílẹ̀, ohun tó tọ́ sí yín ni mo máa rà fún yín.' Mo ní ó ṣeun, ọmọ mi. Mi ò mọ̀ pé fèrèsé ló tọ́ sí mi."

Ọ̀rọ̀ yẹn wọ̀ mí lára ju èyí tí ìyàwó mi sọ lọ. Wọn ò bínú sọ ọ́.

"Télọ̀," Kábíyèsí wí, "sọ òtítọ́. Ìyàwó rẹ ní ẹlẹ́ni-méjì. Ìyẹn ì bá ti kọjá. Kí ló dé tó ò rà á?"

Mo wo ilẹ̀. Mo wo Màmá. Mo wo ìyàwó mi, tí kò wò mí.

"Kábíyèsí, ẹlẹ́ni-méjì yẹn kéré. Bí wọ́n bá gbé e wọlé, aládùúgbò kò ní mọ̀."

"Báyìí ńkọ́?"

"Báyìí, gbogbo ayé ti mọ̀."

Ẹ̀rín gba ààfin kan. Ọ̀rọ̀ tó bá ju ẹkún lọ, ẹ̀rín là á fi rín in, ṣùgbọ́n ìyàwó mi kò rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Kábíyèsí, ẹrù mi ti wà ní dídì."

Kábíyèsí bá àwọn ìjòyè sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́. Wọ́n mi orí, wọ́n wò mí, wọ́n tún mi orí. Ó wá ká apá aṣọ rẹ̀ sókè lẹ́ẹ̀mẹta kí ọwọ́ rẹ̀ tó yọ.

"Ẹ gbọ́ ìdájọ́. Télọ̀, ilẹ̀kùn kò jẹ̀bi. Bẹ́ẹ̀ ni ìwé rẹ kò ní parọ́. O kọ ogójì. Ogójì náà ni yóò jẹ́. Ínṣì mẹ́rin tó o fi lé e nínú ìwé, lọ fi lé e lára ògiri. Kì í ṣe bíríkìlà ni yóò ṣe é. Ìwọ ni, pẹ̀lú hámà àti ṣísẹ́lì."

"Kábíyèsí, mi ò gbẹ́ ògiri rí..."

"Màmá náà kò gun fèrèsé rí. Láti òní lọ, títí ọpọ́n yóò fi kọjá, fèrèsé ni ìwọ náà yóò máa gbà wọlé, òun lo ó sì máa gbà jáde. Lójoojúmọ́, o ó gbé omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ sínú báàfù kékeré, o ó gbé e gun àkàbà, o ó fi fún Màmá kí ẹsẹ̀ wọn lè rí ìtura. Tó o bá da ẹ̀kán omi kan nù, o ó padà lọ bu òmíràn. O kò gbọ́dọ̀ kì wọ́n ní oríkì nígbà tó o bá wà lórí àkàbà. Ọwọ́ méjèèjì ni kó o fi di báàfù mú."

"Kábíyèsí ó pẹ́," àwọn ìjòyè wí.

"Ìwọ nọ́ọ̀sì, má tú ẹrù rẹ. Ọjọ́ méje ni mo fún un. Bí ìyá rẹ bá fi ẹsẹ̀ ara wọn gba ẹnu ọ̀nà kọjá láàárín ọjọ́ méje, tú u. Bí wọn ò bá kọjá, máa gbé e lọ sílé ẹ̀gbọ́n rẹ, èmi ni mo rán ọ."

Ìyàwó mi ronú sí i. Ó wo ìyá rẹ̀. Màmá ní, "Ọjọ́ méje kò pọ̀ jù. Mo ti mọ ọ̀nà fèrèsé."

"Mo gbà, Kábíyèsí."

"Ó ku ẹyọ kan. Télọ̀, gbé tépù rẹ fún ìyàwó rẹ."

Ẹ ò mọ bó ṣe rí lára mi. Ogún ọdún ni tépù yẹn ti wà lọ́rùn mi. Mo bọ́ ọ, mo fi ọwọ́ méjèèjì gbé e fún ìyàwó mi. Ó gbé e kọ́ ọrùn, níbi tí ó máa ń gbé ohun èlò tó fi ń gbọ́ àyà aláìsàn kọ́, ó sì wò mí fún ìgbà àkọ́kọ́ láti àárọ̀.

"Ẹ jẹ́ ká lọ," ó wí. "Ògiri ń retí yín."

Mo dọ̀bálẹ̀, mo dúpẹ́, mo ti dé ẹnu ọ̀nà nígbà tí Kábíyèsí pè mí padà.

"Télọ̀! Ínṣì mẹ́rin ni mo wí o. Bó o bá tún fi mẹ́rin lé mẹ́rin, òrùlé ló máa wó lé ọ lórí, mi ò sì ní jókòó gbọ́ ìyẹn."