Cornelius Kọ́ Àwọn Ọmọ Ilé-Ìwé Lórin Amẹ́ríkà

Bí irọ́ bá ṣeé jẹ ni, ebi kì bá tí pa ẹnikẹ́ni ládùúgbò Ìgbóná l'Óṣogbo, nítorí Cornelius Béjidé ì bá máa bù ú fún tọmọdé tàgbà láàárọ̀. Akọ̀wé rélùwéè ni. Tíkẹ́ẹ̀tì ló ń tà lójú wíńdò ní tésọ̀n, ṣùgbọ́n tó bá ń sọ̀rọ̀, wàá rò pé òun ló ni ọkọ̀, òun ló ni irin tí ọkọ̀ ń gùn.

Irọ́ tó fẹ́ràn jù lọ ni ti Amẹ́ríkà. Èkó lásán ló lọ, oṣù mẹ́fà péré, láti kọ́ṣẹ́ rélùwéè. Lọ́jọ́ kan níbẹ̀, ó rí ọkọ̀ ojú omi Amẹ́ríkà kan lókèèrè ní Àpápá. Ó wò ó, ó wò ó. Nígbà tí yóò fi padà dé Òṣogbo, òun fúnra ẹ̀ ti wọ inú ọkọ̀ náà lọ, ó sì ti bọ̀. "Nígbà tí mo wà ní Amẹ́ríkà" ló fi ń bẹ̀rẹ̀ gbogbo ọ̀rọ̀, kódà bó bá jẹ́ ẹ̀kọ ló fẹ́ rà. Àwọn àgbà ní ẹni tí yóò purọ́ a ní ẹlẹ́rìí òun wà lọ́run. Cornelius ní tòun wà ní Amẹ́ríkà. Kò kúkú síyàtọ̀, ọkọ̀ ojú irin Òṣogbo kì í dé ìkankan nínú méjèèjì.

Ọ̀rọ̀ yìí kò pa ẹnikẹ́ni lára títí ó fi fẹ́ fẹ́ Fadékẹ́. Tíṣà ni Fadékẹ́ nílé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan ní Òkè Fíà, bàbá rẹ̀ sì ni ọ̀gá ilé-ìwé náà, Tíṣà Àgbà Ọ̀ṣuntókun, Ìjẹ̀ṣà paraku láti Iwaraja, ọkùnrin tí kì í gbà pé omi tutù àfi tó bá tọ́ ọ wò.

Cornelius lọ jókòó sí pálọ̀ ọkùnrin yìí, ẹnu sì bẹ̀rẹ̀ sí í yún un.

"Bàbá, nígbà tí mo wà ní Amẹ́ríkà, èmi ni mo máa ń darí ọkẹ́sítírà. Ọgọ́rùn-ún olórin! Gbogbo àwọn tó ń kọ orin fún wọn níbẹ̀, ọ̀rẹ́ mi ni wọ́n."

"Ọgọ́rùn-ún?"

"Ìyẹn ọjọ́ tí òjò bá rọ̀ ni, sà."

Tíṣà Àgbà ní, "Ó dáa. Ọjọ́ Ẹtì tó ń bọ̀ la máa parí táàmù, àwọn òbí á sì wà níbẹ̀. Wá fi orin àwọn ọ̀rẹ́ rẹ kọ́ àwọn ọmọ wa. Bó bá jẹ́ òótọ́, kó àwọn ẹbí rẹ wá tọrọ Fadékẹ́ lọ́jọ́ Sátidé. Bó bá jẹ́ irọ́, má gba ẹnu ọ̀nà mi kọjá mọ́, bí iná bá tiẹ̀ ń lé ọ."

Fadékẹ́ ló wọkọ̀ lọ sí Iléṣà, ó lọ yá giramafóònù tuntun oníbátìrì lọ́wọ́ tíṣà òyìnbó Amẹ́ríkà kan, pẹ̀lú àwo orin ńlá kan tí wọ́n ṣe láti fi orin ọkẹ́sítírà ilẹ̀ wọn han àwọn ọmọdé.

"Búọ̀dá Cornelius, ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ́kọ́ gbọ́ ọ nílé. Ẹ̀rọ yìí yàtọ̀ o."

"Fadékẹ́! Ta ní í kọ́ ẹja lódò wíwẹ̀?"

Bẹ́ẹ̀ ni àyà ẹja ń já. Cornelius fẹ́ràn ọmọ yìí dénúdénú, ká má purọ́ mọ́ òpùrọ́. Ṣùgbọ́n ẹnu rẹ̀ ti ṣáájú rẹ̀ lọ jìnnà, kò sì mọ bí wọ́n ṣe ń pè é padà.

Ọjọ́ Ẹtì pé. Cornelius wọ kóòtù dúdú tí Táòfíkì, télọ̀ ìsàlẹ̀ ilé rẹ̀, rán fún un, nínú oòrùn tó ń yan ẹ̀pà lórí igbá. Tíṣà Àgbà kìlọ̀ fún àwọn ọmọ: "Bẹ́ ẹ ṣe máa ń ṣe ní kíláàsì náà ni o. Ohun tí tíṣà bá sọ, ẹ tún un sọ!"

"Ẹ tún un sọ!" ni gbogbo wọn pariwo.

Cornelius mú ọ̀pá tí wọ́n fi ń tọ́ka sí bọ́ọ̀dù, ó dojú kọ ẹ̀rọ, ó kẹ̀yìn sí gbogbo èèyàn.

"Àsítágàfúrúlàì!" Alhaji Lùkúmọ̀n, alága àwọn òbí, ló figbe ta. "Ọ̀gbẹ́ni, ìdí lo kọ sí àwa àgbà!"

"Bàbá, bí wọ́n ṣe ń ṣe é ní Amẹ́ríkà nìyẹn. Ẹni tó ń darí orin kì í wojú èèyàn."

"Ẹni tó ń purọ́ náà kì í wò ó."

Bọ́tìnì kékeré kan wà lára ẹ̀rọ náà, òun ló ń sọ bí àwo yóò ṣe yára yí tó. Gbogbo rẹ́kọ́ọ̀dù tí Cornelius ti gbọ́ láyé rẹ̀, ṣọ́ọ̀bù Táòfíkì ló ti gbọ́ ọ, àwọn àwo àtijọ́ tó máa ń sáré yí bírí. Ó ti bọ́tìnì síbi eré, ó sì gbé abẹ́rẹ́ lé àwo.

Yéè! Orin tú síta bí ẹyẹ ẹ̀gà tí wọ́n sọ̀kò sí. Gbogbo olórin ń sá lọ, kò sẹ́ni tó mọ ohun tó ń lé wọn. Cornelius ń ju ọ̀pá sọ́tùn-ún, ó ń jù ú sósì, kò bá wọn. Fàà! Kóòtù ya lábíyá.

"Ọ̀rẹ́ mi tó kọ èyí," ó ń mí hẹlẹhẹlẹ, "inú ọkọ̀ tó ń sáré ló ti kọ ọ́!"

"Inú ọkọ̀ tó ń sáré ló ti kọ ọ́!"

Ohùn èèyàn kan já wọ inú orin, tín-ín-rín bíi ti eku. Nọ́síràtù, ọmọ Àgbékẹ́ aláṣọ, nawọ́. "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ta nìyẹn?"

"Ìyàwó olórin ni. Ó ní kó wá jẹun."

"Kí ló tún ń han-un yẹn, sà?"

"Fáyólìn! Èmi àti ẹni tó ń ta á jọ gbé yàrá kan náà ni."

Ibi tó ti ń fọ́nnu lọ́wọ́ ni apá kóòtù tó ya ti gbá bọ́tìnì, àwo sì bọ́ sórí ìrìn jẹ́jẹ́ tó yẹ ẹ́. Orin rọlẹ̀. Ó dùn! Àwọn ìyá tó ń jẹ ẹ̀pà gbàgbé ẹ̀pà sẹ́nu. Orí Cornelius fúnra rẹ̀ wú, torí kò gbọ́ irú ẹ̀ rí láyé. Ká ní ó dákẹ́ ni!

"Olórin kejì nìyí!" ó ní. "Àgbàlagbà ni, orúnkún ń dùn ún, ìdí tí orin rẹ̀ fi ń rọra rìn nìyẹn."

Ni ohùn ọ̀hún bá tún jáde. Lọ́tẹ̀ yìí ohùn ọkùnrin ni, ó kì, ó sì ń sọ gẹ̀ẹ́sì ketekete.

"Ìyàwó olórin ti hu irùngbọ̀n!" ni Alhaji Lùkúmọ̀n wí. "Fadékẹ́, kí ló ń sọ?"

Fadékẹ́ wo bàbá rẹ̀, ó wo Cornelius. "Ó ní, 'Ẹ̀yin ọmọ, fèrè lẹ ń gbọ́ láti àárọ̀. Fáyólìn ṣì ń bọ̀ lẹ́yìn.'"

"Fáyólìn ṣì ń bọ̀ lẹ́yìn!"

"Ó ti pẹ́ tí mo ti kúrò níbẹ̀," Cornelius ní, "ó jọ pé wọ́n ti pààrọ̀ orúkọ wọn."

Orin ti wọ Àgbékẹ́ lára ní tirẹ̀. Ta ní í gbọ́ orin tó dùn tó bẹ́ẹ̀ tí yóò káwọ́ gbera? Ó jó jáde, ó lẹ owó ṣílè kan mọ́ Cornelius níwájú orí. Òógùn ò jẹ́ kó lẹ̀. Ṣílè yọ̀, ó já sórí àwo, abẹ́rẹ́ há, ọkùnrin inú àwo sì bẹ̀rẹ̀ sí í tún ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo sọ.

"Kí ló tún wí?"

"Ó ní," Fadékẹ́ ń sunkún, ó ń rẹ́rìn-ín, "'Bó ò bá gbọ́ ọ rí, jókòó.'"

"Bó ò bá gbọ́ ọ rí, jókòó!" Àwọn ọmọ gbà á, wọ́n ń fọwọ́ lu tábìlì sí i. "Bó ò bá gbọ́ ọ rí, jókòó!"

Cornelius jókòó. Ó tún dìde, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja síwájú Tíṣà Àgbà. Ìtìjú dé, irọ́ tán.

"Bàbá, ẹ forí jì mí. N ò dé Amẹ́ríkà rí. Èkó ni mo lọ, oṣù mẹ́fà, nílé-ẹ̀kọ́ rélùwéè. Òótọ́ pọ́ńbélé rè é."

"Bàbá, ẹ gbọ́, ó ti sọ òótọ́," ni Fadékẹ́ fi bẹ̀bẹ̀.

Tíṣà Àgbà họrí. "Èkó náà? Ta ló rí ọ níbẹ̀? Dárúkọ ẹnì kan ṣoṣo tí mo lè bi léèrè, kí ọ̀rọ̀ Sátidé dúró bá a ṣe sọ ọ́."

Ojú Cornelius mọ́lẹ̀ kedere. "Ọ̀gá Adéjọbí, sà! Òun ló kọ́ mi níṣẹ́! Kò sí ọjọ́ kan tí kò rí mi!"

"Níbo ló wà?"

Ọdún tó kọjá ni wọ́n sin Ọ̀gá Adéjọbí.

"Bàbá," ohùn rẹ̀ tín-ín-rín ju ti ìyàwó olórin lọ, "ẹlẹ́rìí mi wà lọ́run."

"Ẹlẹ́rìí mi wà lọ́run!" ni àwọn ọmọ tún sọ.