Wúfà Tó Wọ Yẹ̀rì

Ẹjọ́ kan dé iwájú Kọ́nẹ́ẹ̀lì lánàá, bí a ṣe ń pe olórí ìlú ní Quaco Hill nìyẹn, ẹjọ́ eyín. Kì í ṣe eyín tó ń ro ni o. Eyín tó rìn ni.

Àǹtí Icilda Pinnock ló gbé ẹjọ́ wá, ẹni ọdún mọ́kànléláàádọ́rin, tó ń yan bámì, búrẹ́dì gbáàgúdá pẹlẹbẹ tí gbogbo ìlú ń jẹ láàárọ̀. Leaford Pinnock, ọmọ àbúrò rẹ̀ ọkùnrin, ni wọ́n pè lẹ́jọ́. Ilé kan náà ni àwọn méjèèjì ń gbé, ilé pákó tí bàbá Àǹtí kọ́ sórí òpó, tí wọ́n fi ògiri pákó pín sí méjì. Ògiri ni wọ́n pín o, wọn ò pín ilẹ̀. Pákó ilẹ̀ tó bẹ̀rẹ̀ lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì Àǹtí, pálọ̀ Leaford ló lọ parí sí.

Leaford jókòó sórí bẹ́ǹṣì ilé ìgbìmọ̀, ó ń fi àtẹ́lẹwọ́ nu ṣòkòtò. Ohun tó ní láyé kò ju mẹ́ta lọ: Verona ìyàwó rẹ̀, oko iṣu rẹ̀, àti wúfà rẹ̀, àpótí dúdú kan tó ga dé orúnkún, tó ń gbé ohùn ìsàlẹ̀ orin jáde débi pé àyà èèyàn á ti máa jó kí ẹsẹ̀ tó gbọ́. Ọ̀kan nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta fẹ́ bọ́ mọ́ ọn lọ́wọ́ lọ́jọ́ náà, kì í sì í ṣe oko.

Àǹtí Icilda gbé ayùn dání wọlé.

"Míìsì Icilda, ti ayùn ti jẹ́?" ni Kọ́nẹ́ẹ̀lì Uriah bi í.

"Ọ̀nà méjì ló wà, Kọ́nẹ́ẹ̀lì. Kí Leaford gbé wúfà yẹn kúrò nínú ilé bàbá mi, tàbí kí n fi ayùn yìí la ilé sí méjì, láti òrùlé dé ilẹ̀. Kó mú tiẹ̀, kí n mú tèmi."

"Ṣé ilé ò ní wó?"

"Tiẹ̀ ló máa wó. Tèmi ní ìgbàgbọ́."

Àwọn ìgbìmọ̀ wo ara wọn. Kọ́nẹ́ẹ̀lì ní kó jókòó, kó gbé ayùn sílẹ̀, kó sọ ohun tí wúfà fi ṣe é.

"Ó gbé eyín mi rìn. Ọ̀sán Sátidé, mo bọ́ eyín mi sínú kọ́ọ̀pù, mo gbé e sórí sítúùlù, mo ní kí n rẹjú díẹ̀. Leaford tan orin. Ilẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n. Kọ́ọ̀pù ń sún díẹ̀díẹ̀, ojú mi ló ṣe, ó sún, ó sún, ó dé etí sítúùlù, ó bẹ́. Eyín mi gba àárín pákó jábọ́ sábẹ́ ilé, sọ́dọ̀ ewúrẹ́."

"Ewúrẹ́ jẹ ẹ́?"

"Kò jẹ ẹ́. Ó gbé e sẹ́nu, ó ń wò mí."

Ọ̀kan nínú ìgbìmọ̀ sáré fi fìlà bojú. Àǹtí rí i.

"Ẹ máa rẹ́rìn-ín o. Èmi ni mo fẹ́ dárin ní ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ kejì. Láìsí eyín lẹ́nu, gbogbo ọ̀rọ̀ inú orin ló di fù, fù, fù. Ọmọ tí mo fi ẹ̀yìn ara mi pọ̀n ló ṣe mí báyìí."

"Leaford, kí lo rí sọ?"

Leaford dìde, ó ṣí fìlà. Ó ti fi gbogbo òru ro ọ̀rọ̀ yìí, lójú tiẹ̀ ó mọ́gbọ́n wá.

"Kọ́nẹ́ẹ̀lì, ẹ kú wàhálà wa. Àkọ́kọ́ ná, wúfà mi ò sí nínú ilé."

"Níbo ló wà?"

"Nínú pálọ̀."

"Pálọ̀ ò sí nínú ilé?"

"Pálọ̀ wà nínú ilé, sà. Ṣùgbọ́n wúfà ò fara kan ilẹ̀ pálọ̀. Ohun tí kò fẹsẹ̀ kan ilẹ̀ ilé, ṣé a lè ní ó ń gbé ibẹ̀? Àlejò ni. Orí táyà ló wà."

Ó ṣàlàyé. Nígbà tí Àǹtí kọ́kọ́ fi ẹjọ́ sùn lọ́dún tó kọjá, òun gbé wúfà lé ìrọ̀rí. Orin kejì ni wúfà fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀ bí ọ̀mùtí. Lòun bá wá táyà bọ́ọ̀sì kan tó ti dákú, Dorrel káfíńtà gé fóòmù tìmùtìmù dí ihò àárín rẹ̀, wọ́n gbé wúfà gùn ún. Ọ̀pọ̀ oṣù, orin ń lọ, ilẹ̀ ò mọ̀.

"Èkejì ńkọ́?" ni Kọ́nẹ́ẹ̀lì wí.

"Èkejì, ẹ̀bi eyín ni. Ọdún mọ́kànlá ni eyín yẹn ti ń kọ orin ìsìn láìsinmi. Orin tí mo fi sí i lọ́jọ́ náà, òkú á mira. Eyín kàn rí àyè jáde ni."

"Ẹ gbọ́ o," ni Àǹtí wí. "Ẹ bá mi gbọ́ o. Eyín mi ló ya ìpáǹle."

Wọ́n pe Dorrel káfíńtà.

"Ọjọ́ Ajé tó kọjá," ni Dorrel wí, "Leaford ní kí n wá yẹ̀ ẹ́ wò. Orin ń lọ lọ́wọ́. Mo kúnlẹ̀, mo ki ọwọ́ bọ abẹ́ wúfà yíká, kò síbi tó kan ilẹ̀ àfi rọ́bà. Mo fi àtẹ́lẹwọ́ lélẹ̀ báyìí. Ilẹ̀ dákẹ́ rọ́rọ́."

"Irọ́ ni," Míìsì Una tó jẹ́ ọ̀rẹ́ Àǹtí ti dìde kí wọ́n tó pè é. "Mo wà ní ẹ̀gbẹ́ kejì ògiri lọ́jọ́ Ajé yẹn gan-an, tíì wà lọ́wọ́ mi. Ilẹ̀ gbọ̀n títí tíì fi dà sí mi láṣọ."

"Nígbà tí mo wà lórí ìkúnlẹ̀?"

"Mi ò mọ ibi tó o kúnlẹ̀ sí. Ó gbọ̀n, ó dákẹ́, ó tún gbọ̀n."

"Kò gbọ̀n."

"Ó gbọ̀n."

"Míìsì Una," ni Kọ́nẹ́ẹ̀lì wí, "èwo nínú ẹ̀? Ó gbọ̀n ni àbí ó dákẹ́?"

"Ẹ bi tíì."

Kọ́nẹ́ẹ̀lì fọwọ́ ra irùngbọ̀n. Ó bèèrè ìgbà tí ilẹ̀ tún bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n. Gbogbo wọn ní láti Àjíǹde ni. Kí ni wọ́n wá yí padà ní Àjíǹde?

"Kò sí nǹkan kan, sà," ni Leaford dáhùn.

"Kò sí," ni Verona ìyàwó rẹ̀ wí láti ẹ̀yìn. "A kàn wọṣọ fún un ni."

"Ẹ wọṣọ fún kí ni?"

Verona bọ́ síwájú. "Kọ́nẹ́ẹ̀lì, táyà ni o. Táyà bọ́ọ̀sì, nínú pálọ̀ tí mo fi lẹ́ẹ̀sì sí gbogbo fèrèsé rẹ̀. Pásítọ̀ wá kí wa, ó bi mí bóyá ọkọ mi ti di fọkanáísà. Ilẹ̀ ò lanu kó gbé mi mì. Mo sọ fún Leaford pé kó mú ọ̀kan: kí táyà yẹn wọṣọ, tàbí kí n padà sílé ìyá mi."

Leaford tẹ orí ba. Ẹ ò mọ ohun tójú rẹ̀ ti rí. Àǹtí ní kí wúfà má fọwọ́ kan ilẹ̀, Verona ní ohunkóhun tí kò bá ní jẹ́ kó kan ilẹ̀ kò gbọdọ̀ burú lójú. Ọkùnrin náà kò ju ẹni tó fẹ́ gbọ́ orin lọ.

"Ẹ dìde," ni Kọ́nẹ́ẹ̀lì wí. "Ẹ jẹ́ ká lọ fojú ara wa rí i."

Ìgbìmọ̀ gbéra, gbogbo ìlú tẹ̀ lé wọn. Àwọn tí wọn ò rí àyè wọ pálọ̀ to ojú fèrèsé.

Ní ti ká sọ òótọ́, wúfà náà dára lójú. Ní Quaco Hill, kò sí nǹkan tó ń dúró níhòòhò ní pálọ̀: àga ní aṣọ kúróṣè tiẹ̀, aṣọ òwú tí a fi ìkọ́ hun, rédíò ní tiẹ̀, ìkòkò òdòdó ní tiẹ̀, a ó sì fi sítáàṣì àti omi ṣúgà lẹ̀ ẹ́ títí tí etí rẹ̀ á fi dúró. Ti wúfà ta gbogbo wọn yọ. Aṣọ funfun bò ó láti orí, ó fẹ̀ jáde nísàlẹ̀ ní ìgbì-ìgbì bíi yẹ̀rì, ó sì bo táyà mọ́lẹ̀ pátápátá. Àwòrán ọ̀pẹ̀ òyìnbó méjìlélógún ni wọ́n fi òwú hun yí ìsàlẹ̀ rẹ̀ ká.

Kọ́nẹ́ẹ̀lì ní kí wọ́n gbé àwo omi sórí sítúùlù Àǹtí, kí Míìsì Una máa ṣọ́ ọ, kó máa pariwo ohun tó bá rí gba orí ògiri. Leaford tan orin.

"Omi ń jó," ni Míìsì Una ké.

"Kò lè jó," ni Dorrel wí. Ó kúnlẹ̀, ó ká etí yẹ̀rì sókè, ó ki ọwọ́ bọ abẹ́ wúfà. "Ẹ wò ó, rọ́bà nìkan ni."

"Ó ti dákẹ́."

Dorrel yọwọ́, ó ju yẹ̀rì sílẹ̀. "Ẹ ti rí i báyìí."

"Ó tún ti ń jó o."

Kọ́nẹ́ẹ̀lì ti Dorrel sẹ́gbẹ̀ẹ́, òun fúnra rẹ̀ kúnlẹ̀. Ó fi ìka méjì gbé etí yẹ̀rì. Míìsì Una ní ó dákẹ́. Ó sọ ọ́ kalẹ̀. Míìsì Una ní ó ń jó. Ó wá fi eegun ìka gbá yẹ̀rì náà. Ó dún kọ́, kọ́, kọ́, tí ẹnì kan níta fi dáhùn pé ta ni yẹn.

"Èyí kì í ṣe aṣọ," ni Kọ́nẹ́ẹ̀lì wí. "Pákó ni. Ohun tí táyà gbà lọ́wọ́ wúfà, yẹ̀rì ló ń gbé e fún ilẹ̀ padà. Dorrel ò purọ́, Una náà ò purọ́. Ẹni tó bá ti fẹ́ wo abẹ́ rẹ̀ á ká yẹ̀rì, wàhálà á sì dákẹ́. Verona, ìwọ lo lẹ sítáàṣì yìí?"

"Èmi kẹ̀? Ọwọ́ mi ò tó bẹ́ẹ̀."

"Ta ni ọwọ́ rẹ̀ wá tó o?"

Àǹtí Icilda gbójú sókè, ó ń yẹ àjà wò bí ẹni tó ń wá ibi tí òjò ń gbà wọlé.

"Àǹtí ló hun ún," ni Leaford wí pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. "Ẹ̀bùn Àjíǹde ni. Wọ́n ní táyà yẹn ń dójú ti ilé bàbá àwọn."

"Sítáàṣì wo lẹ lò, Míìsì Icilda?"

"Ti bámì mi ni." Ó kọ́kọ́ rọhùn, ìgbéraga bá gbé e. "Omi gbáàgúdá tí mo bá fún, mo máa ń jẹ́ kó silẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta. Kò sí irú sítáàṣì mi láti ibí dé Montego Bay. Yẹ̀rì yẹn á dúró títí Jésù á fi dé."

"Ẹni tó da eérú leérú ń tọ̀," ni Dorrel wí.

"Ìwọ, dákẹ́."

Inú Leaford dùn débi pé eyín tirẹ̀ náà fẹ́ jáde. Ayọ̀ náà ò pẹ́. Kọ́nẹ́ẹ̀lì ní kí wọ́n fọ sítáàṣì náà kúrò, Àǹtí kọ̀ jálẹ̀.

"Kó wá wálẹ̀ jọ̀rọ̀jọ̀rọ̀ bí etí ajá? Kí wọ́n ní Icilda ló ṣe é?"

"Kí ẹ tú ìlà ìsàlẹ̀ kan péré, kó má balẹ̀ mọ́."

"Ìlà ìsàlẹ̀ ni ìdí ọ̀pẹ̀ òyìnbó. Èmi ò ní gé ìdí ọ̀pẹ̀ òyìnbó méjìlélógún nítorí orin jàgídíjàgan."

"Ká kúkú bọ́ ọ," ni Leaford wí.

"Kí táyà wà ní gbangba?" ni Verona wí. "Àpò mi wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì o."

"Ẹ ò rí i?" ni Àǹtí wí. "Wúfà ló gbọ́dọ̀ jáde."

Leaford wo àpótí rẹ̀ nínú funfun bíi ìyàwó tí wọ́n fẹ́ kọ̀ lójú pẹpẹ, omi lé sí i lójú. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ̀. Kọ́nẹ́ẹ̀lì gbọ́wọ́ sókè.

"Ìdájọ́ rèé. Wúfà ò ní jáde. Ilé Pinnock ò ní gba ayùn. Táyà á wà níbẹ̀, yẹ̀rì á wà lára wúfà, sítáàṣì á wà lára yẹ̀rì, ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ tú òwú kan láìjẹ́ pé ẹni tó hun ún ló fẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́. Ṣùgbọ́n yẹ̀rì ò gbọdọ̀ kan ilẹ̀. Nígbàkigbà tí wúfà bá ń kọrin, Leaford á kúnlẹ̀ lọ́tùn-ún, Míìsì Icilda á kúnlẹ̀ lósì, wọ́n á jọ fi ìka méjì-méjì gbé e sókè. Orin kan ti Leaford, orin kan ti ṣọ́ọ̀ṣì, tí wọ́n á fi pé mẹ́wàá lójúmọ́. Ẹni tó bá kọ́kọ́ jẹ́ kó balẹ̀ á fọ ilé ìgbẹ́ ìgbìmọ̀ fún ọdún kan. Dorrel, fi orin sí i."

Kò sí ibi tí wọ́n máa sá gbà. Leaford kúnlẹ̀ lọ́tùn-ún. Àǹtí gbé ìrọ̀rí méjì sílẹ̀ lósì, ó kúnlẹ̀ lé e, ó ń kùn. Àkọ́kọ́ lọ. Èkejì jẹ́ orin ìsìn, wúfà gbé e jáde láti ìsàlẹ̀ ọkàn, Àǹtí gbàgbé ara rẹ̀, ó bá a kọ ẹsẹ̀ kan. Nígbà tí ẹ̀kẹta dé ìdajì, orúnkún rẹ̀ ti ń dún. Leaford rí i bí apá Àǹtí ṣe ń gbọ̀n, àánú rẹ̀ ṣe é, ó na ọwọ́ òsì kọjá iwájú wúfà láti bá a gbé tiẹ̀.

"Mú ọwọ́ ẹ kúrò," ni Àǹtí wí. "Èmi ò tíì darúgbó." Ó mí kanlẹ̀. "Mélòó ló kù?"

"Méje, Àǹtí. Pẹ̀lú ìdajì."

Àǹtí wo Kọ́nẹ́ẹ̀lì. Kọ́nẹ́ẹ̀lì ń jẹ bámì lórí àga.

"Verona," ni Àǹtí wí, "gbé omi gbígbóná wá fún mi. Kó o sì bá mi mú ìkọ́ òwú mi wá lórí tábìlì."

Ó rẹ etí yẹ̀rì sínú omi, ó wá ojú ìso tó kẹ́yìn, ó sì tú ìlà kan yíká láìwo ojú ẹnikẹ́ni, lórin kan náà. Nígbà tó parí, àlàfo ìka kan ló wà láàárín yẹ̀rì àti ilẹ̀, kò sì tó ibi tí táyà lè yọjú. Míìsì Una ké láti ẹ̀gbẹ́ kejì pé omi ti sùn. Àǹtí fọwọ́ ti ògiri dìde, ó sún sẹ́yìn, ó yẹ ọ̀ṣọ́ náà wò tọ̀tún tòsì.

"Ó tiẹ̀ lẹ́wà jù báyìí," ló wí. "Mo ti sọ fún Leaford látìbẹ̀rẹ̀ pé ó gùn jù."

Leaford ṣì wà lórí ìkúnlẹ̀. "Bẹ́ẹ̀ ni, Àǹtí," ló wí. "Ẹ sọ ọ́ fún mi."