Alága Titus àti Ìbò Dẹ́ńmáàkì

Sátidé tó kọjá ni ẹgbẹ́ ọmọ ìlú kan tó ń ṣèpàdé ní Canarsie, ní Brooklyn, dìbò yan alága. Titus, tó ti wà lórí oyè fọ́dún mọ́kànlá, ní ìbò mọ́kànlélọ́gbọ̀n. Adétóyìn ní mẹ́rìnlélógójì. Ìwé òfin wọn sì sọ pé wọn ò gbọdọ̀ búra fún alága tuntun títí alága àná yóò fi fẹnu ara rẹ̀ sọ fún akọ̀wé pé òun ò wọlé. Ní Mọ́ńdè, Hikmah akọ̀wé, ọmọ tí wọ́n bí sí Brooklyn, gba ilé Titus lọ. Ó bá a nínú pálọ̀, fóònù lọ́wọ́.

"Ẹ káàsán, sà. Ọ̀rọ̀ èsì ìbò yẹn ni mo bá wá."

"Jókòó. Ṣé o mọ Dẹ́ńmáàkì?"

"Ọmọ ẹgbẹ́ wa ni? N ò rí orúkọ rẹ̀ nínú ìwé."

"Orílẹ̀-èdè ni, ní Yúróòpù. Ìbò tí wọ́n dì níbẹ̀ lọ́dún 2022 ni mò ń kà. Àga mọ́kàndínlọ́gọ́sàn-án ló wà nílé ìgbìmọ̀ aṣòfin wọn."

"Ó mà pọ̀ o. Ọgọ́ta là ń yá fún ìpàdé tiwa."

"Kì í ṣe àga oníke, Hikmah. Ìhà tó wà lẹ́yìn olórí ìjọba wọn mú àádọ́rùn-ún. Àga kan ṣoṣo ni wọ́n fi borí."

"Tiwa, ìbò mẹ́tàlá ni wọ́n fi borí, sà."

Titus tún bojú wo fóònù rẹ̀.

"Ẹgbẹ́ kan wà níbẹ̀ tó ń jẹ́ Ẹgbẹ́ Òsì."

"Ẹgbẹ́ òṣì? Ta ló máa dìbò fún òṣì?"

"Òsì ni mo wí. Ọwọ́ òsì. Òsì lorúkọ wọn, ṣùgbọ́n apá ọ̀tún ni wọ́n wà."

"Kí ló dé tí wọn ò pààrọ̀ orúkọ?"

"Orúkọ tó ti mọ́ èèyàn lára kì í rọrùn láti bọ́ sílẹ̀." Titus wo fọ́tò ara rẹ̀ lára ògiri, èyí tí wọ́n kọ "Alága" sí lábẹ́.

"Ṣé wọ́n wọlé, sà?"

"Ó kù díẹ̀ kí ìdajì àga wọn bọ́ lọ́wọ́ wọn. Síbẹ̀ wọ́n bá àwọn tó borí wọnú ìjọba. Ibi tí mò ń lọ nìyẹn. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ni wọ́n fi jókòó sọ̀rọ̀. Ẹ fún èmi náà lọ́sẹ̀ mẹ́fà, kí èmi àti Adétóyìn jọ ṣe é."

"Ta ló wà nídìí ìjọba fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà yẹn?"

"Obìnrin tó ń ṣe olórí tẹ́lẹ̀. Ó kàn ń bá wọn dì í mú ni, torí ó ti kọ̀wé fipò sílẹ̀ lọ́jọ́ kejì ìbò."

"Torí pé ó fìdí rẹmi?"

"Ṣé o ò gbọ́ ni? Ó wọlé."

"Ó wọlé, ó sì fipò sílẹ̀?"

"Bí wọ́n ṣe ń ṣe é níbẹ̀ nìyẹn. Ọ̀làjú."

"Kí ló wá dé tí ẹ̀yin ò fi tiyín sílẹ̀, sà?"

Titus rẹ́rìn-ín. Ó gbé fóònù sórí tábìlì, ó tún jókòó dáadáa bí ẹni tó fẹ́ kọ́ ọmọdé níṣirò.

"O kàwé, ṣùgbọ́n o kì í ronú. Ẹni tó wọlé ló ń fipò sílẹ̀. Ṣé èmi wọlé ni? Èmi ò wọlé. Kí ni kí n wá fi sílẹ̀?"

Hikmah kọ ọ́ sínú ìwé. Ó wo aago, ó kọ àkókò sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ó sì dìde.

"Ẹ ṣé, sà. Gbólóhùn tí wọ́n rán mi wá gbọ́ nìyẹn."